Ọjọ́ Tí Wọ́n Gbé Òkú Lágúnjú Dé Àbàtà

Ẹni tó bá ti Ilé-Ifẹ̀ ń lọ sí Ìpetumodù láyé ìgbà náà kò lè ṣàì mọ Àbàtà. Ibẹ̀ ni ilẹ̀ ti rẹlẹ̀, tí omi ń sun láti ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀rùn lójò, bí ẹni pé ilẹ̀ ń làágùn. Ọ̀dà tí wọ́n bá dà síbẹ̀ kì í rí òjò ọdún kejì kó tó ká kúrò bí ìpẹ́ ẹja. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi da kọnkéré síbẹ̀ nígbà tí owó epo ṣì ń ṣàn nílẹ̀ yìí. Ní ọdún 1994, wọ́n tún padà wá fọ́ kọnkéré náà, nítorí ó ti là, ó ti rì, ihò inú rẹ̀ sì ti sọ ọ̀pọ̀ ọlọ́kọ̀ sínú ẹrẹ̀.

Fáníyì ará Òkèrèwè n'Ífẹ̀ ni olórí àwọn tó da ti àkọ́kọ́. Òun náà ni wọ́n tún pè pé kó wá da èkejì. Ọkùnrin gbọọrọ ni, kì í sábà rẹ́rìn-ín, irùngbọ̀n rẹ̀ sì ti funfun bí ẹni pé sìmẹ́ńtì ló bù pa á. Bó bá ti mú ọ̀rọ̀ kan dání, ọ̀rọ̀ náà kì í bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Mojíre ìyàwó rẹ̀ a máa sọ pé bí ọkọ òun bá bá òjò jà, kò ní fi omi òjò wẹ̀ mọ́ títí ayé.

Ìjà tó sì mú dání jù lọ ni èyí tó wà láàárín òun àti Lágúnjú.

Lágúnjú ló ni àwọn lọ́rì gẹdú kan tó lókìkí n'Ífẹ̀ nígbà náà. Ní 1978, nígbà tí Fáníyì da kọnkéré àkọ́kọ́ tán, ó to àgbá dí ojú ọ̀nà kí ọkọ̀ má bàa gun orí rẹ̀. Àgbá nìkan kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó so màrìwò mọ́ wọn, nítorí ó mọ̀ pé àwọn awakọ̀ lè ṣí àgbá sẹ́gbẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò ré màrìwò kọjá kò wọ́pọ̀. Àṣìṣe rẹ̀ nìyẹn. Lágúnjú ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Mẹ́kà dé. Bó bá jẹ́ àgbá lásán ló bá níbẹ̀, bóyá ì bá yí padà, ṣùgbọ́n nígbà tó rí màrìwò, inú rẹ̀ ru. Ó ní ṣé òun tí òun ti fojú rí Káábà ni ẹnì kan ń fi ewé ọ̀pẹ dẹ́rù bà? Ó sọ̀ kalẹ̀, ó já màrìwò dànù, ó yí àgbá sínú kòtò, ó sì ní kí awakọ̀ òun máa lọ. Gẹdú ìrókò ló kún lọ́rì náà dẹ́nu. Ọjọ́ kejì tí wọ́n da kọnkéré náà ni.

Kọnkéré tuntun kì í fọ́ bí ìgò. Ohun tí wọ́n rí lójú rẹ̀ lọ́jọ́ náà kò ju ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan lọ, bí irun tó já bọ́ sórí àwo. Ṣùgbọ́n omi mọ ọ̀nà ilé rẹ̀. Ó gba ojú ìlà náà wọlé, ó sì ń fọ yanrìn abẹ́ kọnkéré jáde díẹ̀díẹ̀, nígbà tí ọdún yóò sì fi yípo, ojú ọ̀nà ti ń mì lábẹ́ ọkọ̀ bí eyín tó fẹ́ yọ. Ilé iṣẹ́ tó gba iṣẹ́ náà wá ẹni tí wọn yóò di ẹ̀bi rù. Wọ́n ní Fáníyì kò po kọnkéré náà dáadáa. Nígbà tó ní kí wọ́n pe Lágúnjú wá jẹ́rìí, Lágúnjú wá lóòótọ́. Ó dúró, ó fọwọ́ sọ́yà, ó ní òun kò rí àgbá, òun kò rí màrìwò, òun kò sì rántí pé òun gba ibẹ̀ kọjá.

Wọ́n lé Fáníyì kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn ọmọ kéékèèké Òkèrèwè bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Kòdì, nítorí wọ́n ní kọnkéré rẹ̀ kò dì. Orúkọ náà lẹ̀ mọ́ ọn. Nígbà tí àwọn àgbà àdúgbò ní kí àwọn parí ìjà náà, ohun tó wí fún wọn kò ju gbólóhùn méjì lọ.

“Bí Lágúnjú bá kú, ẹ má wá pè mí. Ọwọ́ mi yìí kò ní kan òkú rẹ̀.”

Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ Lágúnjú. Ó rẹ́rìn-ín. “Ta ló fẹ́ ẹ níbẹ̀? Ẹni tí kọnkéré rẹ̀ ò dì, ṣé òun ni yóò wá bá mi di ojú sàréè?”

Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá pàdé lójú títì, ẹnì kan yóò bọ́ sí ọ̀tún, ẹnì kejì yóò bọ́ sí òsì.

Nígbà tí wọ́n wá gbé iṣẹ́ Àbàtà padà fún Fáníyì ní 1994, nítorí kò sí ẹni tó mọ ilẹ̀ ibẹ̀ tó o, kò jẹ́ kí inú rẹ̀ dùn síta. Ó mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀nà nìkan ni òun fẹ́ tún ṣe. Bí kọnkéré yìí bá dúró, orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ yóò kú. Bí ó bá tún là, wọn yóò fi orúkọ náà sin ín.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ náà bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọ́n fọ́ ti àtijọ́, wọ́n kó o kúrò, wọ́n wa ẹrẹ̀ abẹ́ rẹ̀ títí wọ́n fi kan ilẹ̀ gidi. Wọ́n kó òkúta kún un, wọ́n da yanrìn lé e, wọ́n sì fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Wọ́n na pákó ró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan àti èkejì bí ẹni tó fẹ́ ṣe àpótí, wọ́n to irin sínú rẹ̀, wọ́n sì da kọnkéré. Ìdajì fífẹ̀ ọ̀nà ni wọ́n ń dà lẹ́ẹ̀kan. Irin a máa yọ orí jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdajì tí wọ́n ti dà, kó lè di ìdajì kejì mú nígbà tí wọ́n bá dà á. Bí ojú kọnkéré bá ti ń gan, wọn yóò fi ìgbálẹ̀ wọ́ ojú rẹ̀ kí táyà lè rí nǹkan dì mú, wọn yóò sì fi àpò kòkó tó rin gbingbin bò ó.

Bí ọmọ iṣẹ́ tuntun bá bi Fáníyì pé ìgbà wo ni kọnkéré yóò gbẹ, yóò jágbe mọ́ ọn. “Aṣọ ló ń gbẹ! Kọnkéré kì í gbẹ, dídì ló ń dì. Bó o bá jẹ́ kó gbẹ, o ti pa á. Lọ bu omi wá.”

Apá kan ṣoṣo ló kù lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí. Gígùn rẹ̀ kò ju ibi tí lọ́rì méjì lè tò sí. Iwájú rẹ̀ ti dì, ẹ̀yìn rẹ̀ ti dì. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, ó sì ti gé ojú ọ̀nà amọ̀ tí wọ́n là sẹ́gbẹ̀ẹ́ fún àwọn ọlọ́kọ̀. Ẹnjiníà Olúṣọlá, tó ń bójú tó iṣẹ́ náà, ti lọ sí Òṣogbo láti wá ẹ̀rọ tí yóò tún un ṣe. Fáníyì ní kí àwọn tó kù máa bá iṣẹ́ lọ. Ẹ̀rọ ìpo-kọnkéré kò lè sún mọ́ ibi iṣẹ́ nítorí ẹrẹ̀, àwọn lébírà bá tò ní ọ̀wọ́ méjì, wọ́n ń gbé páànù láti ọwọ́ dé ọwọ́. Òfin kan wà nínú ọ̀wọ́ náà tí Fáníyì kì í fi ṣeré. Ẹni tó ń gbé páànù fúnni yóò ní, “Gbà.” Kò gbọdọ̀ ju ọwọ́ sílẹ̀ títí ẹnì kejì yóò fi dáhùn pé, “Mo ti gbà.” Páànù tó bá já lè gé ẹsẹ̀ èèyàn.

“Ìdrís, kí lo gbà tó o fi ń pariwo báyẹn?” Adébíyìí, aláwàdà inú wọn, ló bèèrè. “Ìyàwó ni àbí páànù?”

“Ìyàwó kọ́ ni n ó gbé fún ẹ,” Ìdrís dá a lóhùn. “Páànù nìkan lo lè rí gbà lọ́wọ́ mi láyé yìí.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìdrís ni igbá kejì Fáníyì, ẹni pẹ̀lẹ́ ni, kì í sì í pa ìrun jẹ. Láti àárọ̀ ló ti ń wo ojú ọ̀gá rẹ̀ bí ẹni tó ní nǹkan sọ, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́.

Nígbà tó di ọ̀sán, wọ́n ti da ìdajì kan tán, wọ́n ti fi ìgbálẹ̀ wọ́ ọ, wọ́n ti tẹ́ àpò lé e. Ìdajì kejì ṣì wà ní kòtò gbọọrọ tí wọ́n ti gbẹ́ sílẹ̀. Òjò ti sọ inú rẹ̀ di ẹrẹ̀ tó ń mu èèyàn dé itan, orí irin sì tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí eyín ọ̀nì. Nígbà náà ni wọ́n gbọ́ fèrè ọkọ̀.

Bọ́ọ̀sì kan ló ṣáájú, àwọn mìíràn tẹ̀ lé e. Wọ́n dúró níbi tí Fáníyì to àgbá sí. Àwọn ọkùnrin onífìlà funfun bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀, àwọn obìnrin tó ti bo orí sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn wọn. Wọ́n gbé àga gbọọrọ kan jáde, irú èyí tí mọ́ṣáláṣí fi ń gbé òkú, aṣọ funfun bò ó.

“Òkú ta nìyí?” Fáníyì bèèrè.

Ìdrís wo ilẹ̀. “Alájì Lágúnjú ni, Bàbá. Ilẹ̀ ò mọ́ bá a. Mo gbọ́ ọ ní mọ́ṣáláṣí láàárọ̀, mi ò wulẹ̀ mọ bí n ó ṣe sọ ọ́ fún yín.”

Fáníyì ti máa ń rò ó lọ́kàn pé ọjọ́ tí òun bá gbọ́ irú ìròyìn yìí, nǹkan kan yóò fúyẹ́ nínú òun. Kò sí ohun tó fúyẹ́.

Ọkùnrin kan tó tó ọmọ ọgbọ̀n ọdún bọ́ sílẹ̀ wá bá wọn. Hakeem ni, àkọ́bí òkú. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ tútù náà pẹ̀lú aṣọ funfun lọ́rùn.

“Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Bàbá wa ló sọ tẹ́lẹ̀ pé ẹ̀gbẹ́ ìyá òun ní Ìpetumodù ni kí á sin òun sí. A ti kírun sí i lára n'Ífẹ̀. Wọ́n ti gbẹ́ sàréè dè wá, ọkọ̀ sì ń dúró dè wá lódì kejì. Omi ti gé ọ̀nà ẹ̀gbẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fẹsẹ̀ rìn lórí èyí tí ẹ dà yìí kọjá.”

“Dìde,” ni Fáníyì wí. “Kò ṣeé tẹ̀.”

“Bàbá, ẹsẹ̀ lásán ni, kì í ṣe ọkọ̀.”

“Ẹsẹ̀ mélòó? Ẹ̀yin tí mo rí yìí ju ogójì lọ. Àárọ̀ yìí ni mo dà á. Ẹ padà sílé, kí ẹ wá lọ́la bí wọ́n bá ti tún ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ ṣe.”

Bó ti sọ ọ́ tán ni òun fúnra rẹ̀ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òpònú ni òun sọ. Òkú tó ti jáde nílé kì í padà sílé. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn mùsùlùmí kì í jẹ́ kí òkú sùn bí wọ́n bá lè sin ín lójúmọ́ kan náà.

Bí ariwo ṣe sọ nìyẹn. Adéagbo, àbúrò òkú, ọkùnrin kúkúrú oníkùn kan, fi èjìká la àárín èrò kọjá wá síwájú.

“Ẹ má bẹ̀ ẹ́ mọ́! Ẹ ò mọ ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀ ni? Fáníyì Kòdì nìyí! Kòdì, ṣé ó ṣì ń dì láti ọdún náà lọ́hùn-ún? Ẹ̀gbọ́n mi wà láyé, o ò lè dí ọ̀nà mọ́ ọn. Ó wá di òkú tán, o rójú rí nǹkan ṣe!”

“Adéagbo, mi ò bá ẹ jà. Kọnkéré yìí kò tíì dì.”

“Irọ́ ni! Ojú rẹ̀ le bí àpáta.”

Kí ẹnikẹ́ni tó dá a dúró, Adéagbo ti ká àpò kòkó kan sókè, ó sì ti gbé ẹsẹ̀ lé ojú kọnkéré. Kọnkéré tí wọ́n dà láàárọ̀ dà bí ẹ̀kọ gbígbóná tó di awọ lójú, èèyàn á rò pé ó ti gan dénú. Ẹsẹ̀ Adéagbo wọlé dé ọrùn bàtà. Nígbà tó fà á yọ, àtẹ̀lẹsẹ̀ rẹ̀ hàn gbangba níbẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́ sì ti yọ jáde létí rẹ̀.

Àwọn lébírà ń wo Fáníyì, wọ́n rò pé yóò gbá ọkùnrin náà lójú. Fáníyì kò fọwọ́ kàn án. Ó mú pákó pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń rẹ́ ojú kọnkéré, ó kúnlẹ̀ sórí pákó ẹ̀gbẹ́, ó fi ìka ti àwọn òkúta náà padà sílé lọ́kọ̀ọ̀kan, ó bu kọnkéré tútù díẹ̀ lé e, ó sì ń rẹ́ ẹ, ó ń rẹ́ ẹ, títí ojú ibẹ̀ fi dọ́gba. Ìgbà tó ṣe é tán ló tó gbé orí sókè.

“Ẹ ti rí i,” ni ó wí.

“A ti rí i, Bàbá,” ni Hakeem dáhùn, ohùn rẹ̀ sì ti lọ sílẹ̀. “Ṣùgbọ́n ẹ dákun, ṣé nítorí kọnkéré ni, àbí nítorí bàbá mi?”

Ìbéèrè náà wọ Fáníyì lára. Ó bi ara rẹ̀ léèrè ní òtítọ́ inú. Bó bá jẹ́ òkú ìyá Mojíre ni wọ́n gbé wá, ṣé òun yóò jẹ́ kí wọ́n tẹ kọnkéré náà? Ó wá inú rẹ̀ kiri, ó rí i pé òun kò ní jẹ́ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ara rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ó tún rí ohun mìíràn níbẹ̀. Nígbà tó wí fún ọmọ Lágúnjú pé kí wọ́n padà sílé, ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu rẹ̀. Kò sí ẹni tó mọ̀ bí kò ṣe òun nìkan, adùn náà sì wá ń kan lẹ́nu rẹ̀ bí obì tó ti bàjẹ́.

Fàrídà, àbíkẹ́yìn òkú, ti sún mọ́ wọn. Kò sunkún, ojú rẹ̀ ti wú, omijé sì ti tán nínú rẹ̀. Ó kúnlẹ̀.

“Bàbá, ẹ má bínú. Ìbéèrè kan ni mo ní. Bó bá jẹ́ bàbá tiyín ló wà lórí àga yìí, ibo lẹ ó gbé e gbà?”

Ìbéèrè iṣẹ́ nìyí, Fáníyì sì mọ bí wọ́n ṣe ń dáhùn ìbéèrè iṣẹ́. Ó yíjú sí kòtò náà. Ó wo ẹrẹ̀, ó wo orí irin, ó wo àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀.

“Inú ẹrẹ̀,” ni ó wí.

“Ẹrẹ̀ tó ń mu èèyàn dé itan?” Adéagbo kígbe. “Kí ẹni tó gbé òkú ṣubú lé irin, kí òkú já sómi? Ẹ gbọ́ ohun tó ń wí!”

“Ẹni tó bá ń rìn ló ń ṣubú. A ò ní rìn.” Fáníyì ti ń ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè, kó lè sọ̀ dé etí kòtò. “Ìdrís! Ẹ tò bí a ti ń tò fún páànù. Ọ̀wọ́ méjì, ẹ kọjú síra yín. Àwọn tiwa tó mọ ibi tí irin wà ni kó kọ́kọ́ wọlé, kí àlejò kan máa wà láàárín ẹni wa méjì. Kẹ́nikẹ́ni má gbé ẹsẹ̀ bó bá ti dúró tán. Ọwọ́ ni òkú yóò bá lọ, ẹ̀yin ò ní lọ.”

Ó yé wọn lójú ẹsẹ̀. Àwọn lébírà bọ́ sínú ẹrẹ̀, Adébíyìí ló ṣáájú, kò sì ṣàwàdà kankan. Àwọn ọkùnrin onífìlà funfun ká aṣọ sókè, wọ́n bọ́ sí àárín wọn. Wọ́n tò láti etí kọnkéré ẹ̀yìn títí dé ti iwájú. Fáníyì la ẹrẹ̀ kọjá, ó dúró sórí ilẹ̀ gbígbẹ lódì kejì, ó ń fi ọwọ́ júwe. Ó ti ro ti ara rẹ̀ tán. Yóò mú òkú Lágúnjú kọjá, ọwọ́ rẹ̀ kò sì ní kàn án. Ọ̀rọ̀ tó sọ fún àwọn àgbà yóò dúró.

Ibì kan ló ṣòro, ibi tí ọ̀wọ́ náà parí sí. Fáníyì ti gbẹ́ ihò kan síbẹ̀ tí ẹ̀rọ fi ń fa omi, ihò náà sì jìn. Etí òkúta kan wà nínú rẹ̀ tí èèyàn lè gbé ẹsẹ̀ lé, ṣùgbọ́n omi ti bò ó. Adéagbo ní òun ni yóò dúró níbẹ̀ pẹ̀lú Ìdrís, nítorí ẹ̀jẹ̀ òkú ló yẹ kó gbà á gbẹ̀yìn. Fáníyì fi ibi tí yóò tẹ̀ hàn án.

“Má kúrò lórí òkúta yẹn.”

“Ìwọ kọ́ ni yóò kọ́ mi ní ìdúró.”

Lémọ́mù ka àdúrà sókè. Wọ́n gbé àga náà, ó sì bọ́ sọ́wọ́ àwọn méjì àkọ́kọ́.

“Gbà.”

“Mo ti gbà.”

Wọn kò pariwo rẹ̀ bí wọ́n ti ń pariwo ti páànù. Ohùn jẹ́jẹ́ ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Àwọn onífìlà funfun náà gbọ́ bí àwọn lébírà ṣe ń sọ ọ́, wọ́n sì ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Àga náà ga ju orí wọn lọ, ó ń bọ̀ lórí ọwọ́ tó dọ̀tí bí ọkọ̀ ojú omi tí atẹ́gùn rọra ń tì. Àwọn obìnrin ti bọ́ sínú ẹrẹ̀ lẹ́yìn, wọ́n di ara wọn mú. Fàrídà gbé bàtà lé orí. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tó tẹ kọnkéré.

Àga náà ti sún mọ́ ìparí ọ̀wọ́ nígbà tí Adéagbo na ọrùn láti wò ó. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ kúrò lórí òkúta. Ó rì sínú ihò náà dé àyà, ó ń fọwọ́ gbá omi. Ìdrís fi ọwọ́ kan gbá a ní aṣọ mú.

“Ẹ dúró!” Fáníyì kígbe.

Ṣùgbọ́n ọ̀wọ́ tó bá gbé ẹrù sókè kò lè dúró pẹ́. Àga náà ti dé ọwọ́ Hakeem àti Adébíyìí, àwọn tó ṣáájú Adéagbo àti Ìdrís nínú ọ̀wọ́, kò sì sí ẹni tí yóò gbà á. Apá Adébíyìí ti ń gbọ̀n. Ẹsẹ̀ Hakeem ń rì. Àga náà tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, aṣọ funfun náà sì yọ̀ díẹ̀.

Fáníyì kò rántí bó ṣe bọ́ sílẹ̀. Ohun tó mọ̀ ni pé omi dé ìgbáròkó òun, òkúta sì wà lábẹ́ ẹsẹ̀ òun. Ó fi èjìká ti Adéagbo sí ẹ̀gbẹ́ ògiri kòtò, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè. Ọwọ́ rẹ̀ kò tíì kan igi àga náà. Ìbú ọwọ́ kan ló kù.

“Ẹ gbà, Bàbá,” ni Adébíyìí wí, eyín rẹ̀ há pọ̀.

Fáníyì kò dáhùn. Ó ń wo abẹ́ àga náà, ó ń wo bí aṣọ ṣe tẹ̀ níbi tí ẹ̀yìn òkú wà. Ọkùnrin tó sanra ni Lágúnjú láyé. Èyí tó wà lókè yìí kò tóbi. Àìsàn ti jẹ ẹ́ kó tó kú, Fáníyì kò sì mọ̀, nítorí ó ti tó ọdún mélòó kan tí kò ti wo ojú rẹ̀.

“Bàbá, ẹ gbà!” Hakeem ń sunkún. Wọn kò ju ọwọ́ sílẹ̀. Wọn ò lè jù ú sílẹ̀, nítorí wọn kò tíì gbọ́ ìdáhùn.

“Mo ti gbà,” ni Fáníyì wí.

Igi náà bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó gbé e lé èjìká. Ìdrís, tó ti jọ̀wọ́ Adéagbo, di ẹ̀gbẹ́ kejì mú. Wọ́n jọ gbé e sókè, àwọn tó bá ọkọ̀ wá dúró lódì kejì sì gbà á. Ó ti kọjá.

Wọ́n fa Adéagbo jáde. Omi ẹrẹ̀ ń sẹ̀ lára agbádá rẹ̀. Ó wo Fáníyì. Ó lọ tún aṣọ tó bo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe.

Kí wọ́n tó gbé òkú wọ ọkọ̀, lémọ́mù dúró níwájú Fáníyì. Àgbàlagbà ni, ó sì mọ ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀, nítorí kò sí ará Òkèrèwè tí kò mọ̀ ọ́n.

“Fáníyì, Ọlọ́run yóò san án fún ọ. A máa ń bèèrè lọ́wọ́ gbogbo ẹni tí òkú bá ṣẹ̀. Ṣé o ti forí jì í?”

Hakeem ń wo ẹnu rẹ̀. Fáníyì mọ̀ pé gbólóhùn kan péré ni wọ́n fẹ́ gbọ́, pé kò ní ná òun ní nǹkan kan láti sọ ọ́. Ó gbìyànjú. Ọ̀rọ̀ náà kò wá.

“Lémọ́mù, bí mo bá ní mo ti forí jì í, irọ́ ni n ó pa lójú òkú. Ó ba orúkọ mi jẹ́, ó sì mọ̀ pé òun ló bà á jẹ́. Mo ti gbé e kọjá. Ẹ má bi mí ju ìyẹn lọ lónìí.”

Adéagbo mí kanlẹ̀. Hakeem tẹ orí ba. Lémọ́mù wo ẹrẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ èjìká Fáníyì níbi tí igi àga ti kàn.

“Ó dára,” ni ó wí. “Ọlọ́run kò bínú sí ẹni tó sọ òótọ́.”

Wọ́n gbé òkú wọ ọkọ̀. Àwọn èrò ń wọ ọkọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìdrís ń fọ ọwọ́ sínú páànù kan, ó ń wo ọkọ̀ náà, ó sì ń wo iṣẹ́ tó kù nílẹ̀.

“Máa bá wọn lọ,” Fáníyì wí fún un.

“Àpò ń gbẹ, Bàbá. Omi ṣì kù láti bù.”

“Mo lọ́wọ́. Máa lọ.”

Ìdrís wọ bàtà. Ó ti fẹ́ máa lọ nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ tún pè é padà. Fáníyì kò wo ojú rẹ̀, ojú kọnkéré ló ń wò.

“Bí ẹ bá gbé e wọlẹ̀, tí àwọn èèyàn bá ń bu erùpẹ̀ lé e, bu ẹ̀kúnwọ́ kan fún mi.”

Ìdrís sún mọ́ ọn. “Kí ni kí n sọ, bí mo bá ń bù ú?”

“Má sọ nǹkan kan. Bù ú nìkan.”

Ọkọ̀ náà gbéra, ó gun òkè lọ sí ọ̀nà Ìpetumodù. Oòrùn ti yọ láàárín ìkúukùu, ó sì mú. Etí àwọn àpò kòkó tó wà lápá òkè ti ń funfun. Fáníyì gbé garawa, ó sọ̀ kalẹ̀ síbi tí omi ti ń sun, Adébíyìí àti àwọn tó kù sì gbé tiwọn tẹ̀ lé e.